Àgbàrá lóko ẹ̀gẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gbun mítà 46 ní Lágelú, Ìbàdàn

Ọ̀gbun kan la oko éékà mẹ́ta sí méjì. Iṣẹ́ tí a fi dá a dúró ló wà nísàlẹ̀ yìí: ìwọ̀n, irinṣẹ́, owó, àti àwọn ibi tí a ti ṣì í, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń ṣe irú àṣìṣe kan náà lọ́dọọdún. Ẹni tó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Akínyẹlé, Ìdó, Ọ̀nà-Àrà tàbí Ẹgbẹ́dá lè mú èyí tó bá oko tirẹ̀ mu.

Bí oko náà ṣe rí

Ó fẹ̀ ní mítà 120, ó gùn ní mítà 100 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó da gẹ̀rẹ́: ẹni tó bá rin mítà 100 yẹn ti sọ̀kalẹ̀ mítà 6. Lójú, kò jọ òkè rárá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń fojú kéré irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iyanrìn dúdú tó wà lókè kò ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Taara ló tẹ̀ lé e, amọ̀ pupa ló wà lábẹ́ taara. Bí àgbàrá bá ti kó iyanrìn òkè yẹn tán, taara ló kù fún ẹ̀gẹ́ láti ta gbòǹgbò sí, kò sì sí ajílẹ̀ tó lè dá a padà láàárín ọdún kan.

Ọ̀gbun náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí mítà 50 sí òkè oko. Ó gùn ní mítà 46, ó fẹ̀ ní mítà 1.8 níbi tó fẹ̀ jù. Orí rẹ̀ jìn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ kò ju 40 lọ. Èèkàn tí a gún sẹ́yìn orí ọ̀gbun fi hàn pé ó jẹ ilẹ̀ sókè ní mítà 1.4 láàárín ìgbà òjò kan ṣoṣo.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe, tí kò tọ́

A ra tìpà erùpẹ̀ pupa kan, a dì í mọ́ àpò 40, a dà á sí orí ọ̀gbun, a tẹ̀ ẹ́. ₦86,000 ló gbà. Òjò ńlá kẹta kó gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì gbẹ́ ọ̀nà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ òsì àpò náà. Erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kì í di ara rẹ̀ mú bí ilẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀, omi sì máa ń wá ibi tó rọ̀ gbà. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ohun tí a yí padà lókè. Omi tó gbẹ́ ọ̀gbun náà ṣì ń bọ̀, bó ṣe pọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe ń pọ̀.

Ìṣirò kékeré kan là á mọ́ wa lójú. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú àti lóròó, lítà omi kan ni. Òjò mìlímítà 30, èyí tí kò ṣàjèjì n'Ibàdàn lóṣù Kẹfà, á da lítà 360,000 sórí oko yìí. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ṣàn lọ, tánkà olómi onílítà 10,000 méjìlá ló gba oko kọjá yẹn. Àpò erùpẹ̀ 40 kò lè dá ìyẹn dúró.

1. Wíwo omi nígbà tí òjò ń rọ̀

Irinṣẹ́: bàtà rọ́bà, àdá, èèkàn 20, àti agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé, tí a fi rúlà wọ̀n bí òjò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ má ṣe fo ìpele yìí. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ibi tí omi ti ń wọlé. A rìn láti ìdí ọ̀gbun lọ sókè, a ń gún èèkàn síbi gbogbo tí omi bá ti ń kó jọ. Níbi tí omi bá ti mọ́, ẹ máa kọjá lọ. Níbi tó bá ti pọ́n, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ilẹ̀.

Ní orí ọ̀gbun, ẹ dúró wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe òkè lomi ti ń jẹ ẹ́, abẹ́ ni. Omi á já bọ́ sísàlẹ̀, á yí bírí, á máa wa amọ̀ tó wà lábẹ́ gbòǹgbò koríko, títí ilẹ̀ òkè á fi yọ síta bí ètè. Ìlà tín-ín-rín kan á là ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sẹ́yìn ètè náà, omi á wọ inú rẹ̀, ìṣù ilẹ̀ tó kún bárò kan á sì wó lulẹ̀ gbì. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, omi ti kó o lọ. Ìdí nìyí tí dídí orí ọ̀gbun nìkan kò fi lè ràn án: àfi kí ìjábọ́ omi yẹn dópin.

Orísun omi méjì la rí. Èkíní, gọ́tà ojú ọ̀nà tó wà lókè oko dópin lójijì, ó sì ń tú gbogbo omi rẹ̀ sínú oko. Èkejì, katakata tó kọ ilẹ̀ náà kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí náà gbogbo poro di gọ́tà kéékèèké tó dojú kọ ọ̀gbun.

2. Yíyí omi gọ́tà padà lókè

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òkè ni a ti ń kọ̀ fún un, kí ó tó lágbára.

A gbẹ́ kòtò kan láti ẹnu gọ́tà lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko, síbi tí èésún ti dí, tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí. Mítà 38 ni gígùn rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó jìn ní 40. Ó ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 nínú mítà kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ga ju ìyẹn lọ, kòtò náà fúnra rẹ̀ á di ọ̀gbun. Rọ́bà olómi táwọn bíríkìlà fi ń gba lẹ́bẹ́ẹ̀lì la fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kòtò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ díẹ̀, kó má dúró ṣánṣán bí ògiri. Ní ẹnu ibi tí omi ti ń jáde, a tẹ́ òkúta bí ẹní, mítà 3 sí mítà 2.

Kí a tó fi dígà kan ilẹ̀, a ti lọ rí ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ náà, a sì mú un rìn gba ibi tí omi máa gbà, pẹ̀lú baálẹ̀ abúlé. Ẹ má darí omi sórí oko oníoko láìsọ. Ìjà tó ń tẹ̀yìn irú ẹ̀ yọ kì í tán bọ̀rọ̀, òun náà á sì dí kòtò yín pa.

3. Fífa ìlà tó bá ilẹ̀ dọ́gba

Ojú ìlà wọ̀nyí la máa gbé bèbè erùpẹ̀ lé ní ìpele 4. Igi mẹ́ta ni irinṣẹ́ tí a fi ń fà wọ́n. Méjì gùn ní mítà 2, a kàn wọ́n pọ̀ lórí, a là wọ́n nísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ kan jìnnà sí èkejì ní mítà 2. Ìkẹta dábùú wọn láàárín. A so okùn mọ́ orí, a so òkúta tó tó ẹ̀kúnwọ́ sí ìdí okùn náà. Láti mọ àárín rẹ̀ gan-an, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì síbi tí okùn kan ìdábùú, ẹ yí ẹsẹ̀ méjèèjì padà sójú ibì kan náà, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba.

A fi í rin ìbú oko, èèkàn kan ní mítà méjì-méjì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sán á máa mi okùn. Ìlà mẹ́rin la fà, mítà 20 sí ara wọn.

Àṣìṣe wa níbí: ìlà àkọ́kọ́ dọ́gba pátápátá. Nílẹ̀ tí òjò ti pọ̀ bí tiwa, omi á kún lẹ́yìn irú bèbè bẹ́ẹ̀, á sì já a níbi tó bá lọ sílẹ̀ jù. Ó já lẹ́ẹ̀mejì. A tún un fà kí ó máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 nínú mítà 2. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: ẹ kan pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1 mọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ níwájú, kí ẹ sì máa wá ibi tí okùn ti dúró lójú àmì. Ẹsẹ̀ oní-pákó yẹn ni kó máa ṣíwájú nígbà gbogbo. Bí ẹ bá gbàgbé tí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà á máa gun òkè.

Ìlà kìíní àti ìkejì ń da omi wọn sí etí oko lọ́tùn-ún. Ìkẹta àti ìkẹrin gba ọ̀gbun kọjá, nítorí náà a pín wọn sí méjì, a sì mú kí wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀gbun: ìdajì ń lọ sí ọ̀tún, ìdajì sí òsì. Ẹ má jẹ́ kí bèbè kankan da omi sínú ọ̀gbun tí ẹ ń tún ṣe. Etí oko méjèèjì la sọ di ọ̀nà omi, mítà 2 ní fífẹ̀, a sì gbin koríko tó ń rá mọ́lẹ̀ sí i, irú èyí tó máa ń bo pápá bọ́ọ̀lù.

4. Bèbè àti poro

Lójú ìlà kọ̀ọ̀kan, a gbẹ́ kòtò 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 30 ní jíjìn, a da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀. Ẹ gbé bèbè dé 45 sẹ̀ǹtímítà, torí bí òjò bá ti lù ú, á rọ̀ dé 35. Ẹ fi ẹsẹ̀ àti ìdí dígà tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele. Àpapọ̀ ìlà náà jẹ́ mítà 480. Lóṣù Kìíní ilẹ̀ le bí àpáta, lébìrà mẹ́rin kò lè parí ju mítà 50 lọ lọ́jọ́. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, wọ́n ń parí mítà 80. Ẹni tó bá lè dúró de òjò yẹn, kó dúró.

Lẹ́yìn èyí la tún poro kọ kí ó máa bá bèbè lọ. Nínú poro, a fi erùpẹ̀ sé e ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, kí omi lè dúró kó wọlẹ̀. A kò ṣe èyí ní ìdá mẹ́rin oko tó wà nísàlẹ̀, torí omi máa ń pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ á sì jẹrà. Igi àgbàdo tí a ti kórè àti koríko tí a ro ni a fi bo ilẹ̀, a kò dáná sun wọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1970 làwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ti ń wọn èyí lórí ilẹ̀ Ìbàdàn gan-an. Ilẹ̀ tí a fi ewé àti pòròpórò bò kì í jẹ́ kí òjò rí erùpẹ̀ lù. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, òun ni kò náni ní kọ́bọ̀, òun náà làwọn èèyàn sì ń fi iná sun jù.

5. Ìdábùú inú ọ̀gbun

Ìdábùú ni ògiri kékeré tí a fi ọparun àti àpò ṣe dábùú ọ̀gbun, kí omi lè rọra ṣàn, kí erùpẹ̀ sì kó jọ sẹ́yìn rẹ̀. Méje la ṣe. Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, a ń gòkè lọ. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, òjò kan á gbẹ́ ìdí èyí tí ẹ ti ṣe.

Bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra: ẹnu ìdábùú ìsàlẹ̀, ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá ìdí ti òkè dọ́gba. Márùn-ún tó wà lókè, ẹnu wọn ga sílẹ̀ ọ̀gbun ní 45 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sì jìnnà síra ní mítà 7.5. Méjì tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀gbun kò ti jìn, ẹnu wọn jẹ́ 20, àlàfo wọn mítà 3 lé díẹ̀.

Bí a ṣe kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan:

a. Ẹ gbẹ́ apá rẹ̀ wọ inú ògiri ọ̀gbun lọ́tùn-ún àti lósì, 50 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán. Apá yìí ni kì í jẹ́ kí omi yí ẹ̀gbẹ́ gbà.

b. Ẹ gé ọparun tó ti gbó, tó ti lé lọ́dún mẹ́ta, sí mítà 1.5. Ẹ gbá a wọlẹ̀ dé 70 sẹ̀ǹtímítà, 30 sí ara wọn. Ọparun tútù, ikán á jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí po.

d. Ẹ la ọparun tó kù, ẹ hun ún mọ́ àwọn òpó náà bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, ẹ fi wáyà dè é.

e. Ẹ to àpò sẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà òkè, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí ojú ìpàdé méjì má bára mu. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kí ẹ kún àpò dé. Èyí tó bá kún dẹ́nu kì í tẹ́, omi á máa gba àlàfo rẹ̀.

ẹ. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ ní 20 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 70. Nínú méjì ìsàlẹ̀, 15 tó. Ẹnu omi nìyẹn. Ìdábùú tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí á lé omi sí ẹ̀gbẹ́.

f. Nísàlẹ̀ ẹnu náà, ẹ tẹ́ òkúta dé mítà 1.2, kí ẹ kọ́kọ́ wa ilẹ̀ 20 sẹ̀ǹtímítà kí ẹ tó tẹ́ ẹ.

Ní orí ọ̀gbun, a gé ètè náà kúrò, a sọ ìjábọ́ 90 sẹ̀ǹtímítà yẹn di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ní mítà 1.8. A to àpò 40 sórí rẹ̀. Iyanrìn àti sìmẹ́ńtì ló wà nínú wọn, korobá sìmẹ́ńtì 1 sí iyanrìn 10, a pò ó ní gbígbẹ, a sì bomi rin àpò náà lẹ́yìn tí a tò wọ́n tán. Ibẹ̀ nìkan la lo sìmẹ́ńtì sí.

Àpò funfun kì í pẹ́ lójú oòrùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká láàárín oṣù mélòó kan. A fi erùpẹ̀ bo tiwa, a sì gún igi àgúnmánìyẹ tútù sáàárín wọn, 50 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Kí ọparun tó jẹrà, gbòǹgbò àgúnmánìyẹ á ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

6. Gbíngbin vetiver

Vetiver ni koríko tó ń fi gbòǹgbò jíjìn di ilẹ̀ mú. Ìlà kejì àti ìkẹta la gbìn ín sí, mítà 240, 15 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn: 1,600 ìdì. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí 20 sẹ̀ǹtímítà, gbòǹgbò sí 8, ẹ tì í bọ ìgbẹ́ màlúù tí a fi omi pò, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ìparí oṣù Kẹrin la gbìn ín. Ọ̀pẹ òyìnbó la gbìn sí ìlà kìíní àti ìkẹrin, torí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tà lórí ilẹ̀ tí bèbè gbà.

Ohun tó bà jẹ́: nǹkan bí 100 ìdì gbẹ nígbà tí òjò dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá lóṣù Karùn-ún. Oògùn apakoríko tí wọ́n ń fín sí àgbàdo pa mítà 14 mìíràn ní ìlà kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ọkọ́ ni kí ẹ fi ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí èkan má bò ó. A ra 200 sí i, a fi dí àlàfo.

7. Àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀

Ibí yìí kò gba iṣẹ́ púpọ̀. A gbé ebè ẹ̀fọ́ ga sí 30 sẹ̀ǹtímítà, a fi mítà 5 koríko sílẹ̀ ní bèbè odò láìro ó, a sì kó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dí ojú kọ́fẹ́ẹ̀tì kúrò. Erùpẹ̀ tó kúrò lóko kì í pòórá. Odò kékeré á gbé e fún odò ńlá, bí ìsàlẹ̀ odò bá sì ti kún fún yanrìn, omi á wá ibòmíì gbà. Ìbàdàn ti rí omíyalé odò Ògùnpa lóṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó tún rí omíyalé 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Kì í ṣe oko ló fà á nìkan, ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ilé tí a kọ́ sójú odò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti oko wá, ọwọ́ àgbẹ̀ ni ìdádúró rẹ̀ wà.

Owó

Lébìrà mẹ́rin fún ọjọ́ 12, ₦6,000 lójúmọ́: ₦288,000
Ọparun 35, ₦1,200: ₦42,000
Àpò òfìfo 200, ₦150: ₦30,000
Sìmẹ́ńtì àpò 3, ₦9,500: ₦28,500
Òkúta, pẹ̀lú owó ọkọ̀: ₦45,000
Vetiver 1,800, ₦40: ₦72,000
Wáyà, ìṣó, okùn: ₦14,500
Àpapọ̀: ₦520,000

₦86,000 àkọ́kọ́ tó ṣòfò kò sí nínú rẹ̀. A kò ra àgúnmánìyẹ, ara ọgbà tó wà nítòsí la ti gé e. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kó ṣe ìpele 2, 3 àti 4 ní ọdún àkọ́kọ́, kó fi ìdábùú sí ọdún kejì. Bí ó bá yí i padà, á tún ìdábùú náà kọ́.

Ohun tó já, àti bí a ṣe tún un ṣe

Lóṣù Kẹfà, òjò kan rọ̀ tí agolo wa fi wọn mìlímítà 62. Bèbè kejì já. Ihò okété ló fà á: omi wọ inú ihò náà, ó gbẹ́ ẹ láti inú, bèbè sì wó bí ẹni pé wọ́n fi ṣọ́bìrì gé e. A wa ihò náà dé òpin, a fi amọ̀ dí i, a tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ń rìn lórí bèbè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wá ihò.

Bèbè kẹta lọ sílẹ̀ níbi tí àwọn tó ń ru ẹ̀gẹ́ ti ń kọjá. A tẹ́ òkúta síbẹ̀ fún wọn. Bí a kò bá ṣe ọ̀nà fún ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣe ọ̀nà fún omi.

Ìdábùú kejì, bí a bá kà á láti òkè: òkúta tí a tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ nígbà náà. Omi gbẹ́ kòtò 35 sẹ̀ǹtímítà sí iwájú rẹ̀, òpó méjì sì yọ. Òun ló jẹ́ ká fa ti gbogbo wọn dé mítà 1.2. Ìdábùú kẹrin: gbòǹgbò igi ńlá kan wà lápá ọ̀tún, àwọn òṣìṣẹ́ kò gé e, wọ́n gbẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà péré. Omi yí i ká. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lóṣù Kẹjọ, a gé gbòǹgbò náà, a gbẹ́ apá dé 70 sẹ̀ǹtímítà, a fi àpò mẹ́fà dí i.

Ìwọ̀n oṣù Kọkànlá

Erùpẹ̀ tó kó jọ sẹ́yìn ìdábùú, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà: 31, 34, 27, 12, 22, 14, 9. Ìkẹrin ló kéré láàárín àwọn tòkè, torí oṣù méjì tí omi fi yí i ká. Èèkàn tó wà lẹ́yìn orí ọ̀gbun ṣì wà níbi tí a gún un sí, ètè kò yọ.

Ohun tó kù kí òjò oṣù Kẹta tó dé: kíkó iyanrìn kúrò nínú kòtò òkè, èyí tó ti dí dé 15 sẹ̀ǹtímítà, dídí mítà 6 tí vetiver kò tíì bára mu ní ìlà kẹta, àti gbígbé ẹnu ìdábùú kìíní àti ìkejì sókè ní 20 sẹ̀ǹtímítà, torí erùpẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dọ́gba. Ẹ̀gẹ́ tó wà lókè ọ̀gbun, ìlà kan ni a ó máa wú, a ó fi ìlà kejì sílẹ̀ títí àgbàdo á fi bo ibi tí a ti wú ti àkọ́kọ́.